Funfun Inú Bàtà

Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni obìnrin yìí nígbà tó gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì. Àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kéré sí i débi pé "Àǹtí" ni wọ́n ń pè é, bí ìdánwò bá sì ti le jù, ó di "Màmá". Kó tó di pé ó lọ jókòó síwájú olùkọ́, ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti fi ránṣọ nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Kò sẹ́ni tó lé e kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ó ń wọn àyà oníbàárà kan lọ́jọ́ kan ni ọwọ́ rẹ̀ ba kókó kan lábẹ́ abíyá, ó ní kí ìyẹn lọ fi han dókítà. Oníbàárà náà lọ, wọ́n yọ ọ́, ó yè. Nígbà tó padà wá dúpẹ́, aránṣọ wo aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, kò sì wù ú rán mọ́. Ọdún tó tẹ̀lé e ló di akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo àdúgbò sì gbà pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò sọ bẹ́ẹ̀. Alágbàfọ̀ ni ìyá náà. Ogún ọdún ó lé díẹ̀ ló fi fọ aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ńlá, tó ń fi sitáàṣì sí i, tó sì ń lọ̀ ọ́ títí kọ́là á fi dá dúró fúnra rẹ̀. Bí ó bá pàdé nọ́ọ̀sì lójú títì, aṣọ ló máa ń wò kó tó kí ẹni tó wọ̀ ọ́. "Ogún ọdún ni mo fi fọ funfun ọmọ ọlọ́mọ," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ọmọ tirẹ̀ yege, kò jó, kò pariwo, ọ̀dọ̀ aláṣọ ló gbà lọ. Ó ra funfun tó nípọn, ó ní kí ọmọ fi rán aṣọ iṣẹ́ méjì. Ọ̀kan fún wíwọ̀. Èkejì, òun fúnra rẹ̀ lọ̀ ọ́, ó ká a sí ìsàlẹ̀ àpótí, ó ní ìyẹn di ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ọmọ òun ga lẹ́nu iṣẹ́.

Àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n fún ọmọ náà kì í ṣe ti ilé ìwòsàn ńlá. Kíníkì àwọn tí kò nílé lórí ni: àwọn tó ń sùn sábẹ́ afárá, sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, sí ibùdókọ̀, níbikíbi tí ọlọ́dẹ bá ti lè ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́ kan ni wọ́n fi ṣe kíníkì ọ̀hún. Káńtà tí wọ́n ti ń ta sítáǹbù ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ ọgbẹ́. Pẹpẹ tí wọ́n ń to ẹrù àfiránṣẹ́ sí ti di ibi tí àwọn aláìsàn ń gbé àpò wọn lé, wọ́n sì dojú àga ìtọ́jú kọ ọ́, torí pé ẹni tí gbogbo ohun ìní rẹ̀ wà nínú àpò kan kì í kẹ̀yìn sí àpò ọ̀hún, bí ọgbẹ́ tilẹ̀ ń jẹ ẹ́ dé egungun.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, orúnkún kan sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìyá Ẹsẹ̀ ni tolórí-tẹlẹ́mù ń pè é, nítorí ẹsẹ̀ ló máa ń wò kó tó wo ojú. Bí ènìyàn bá wọlé, á ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ bọ́ bàtà." Ó ní ojú a máa parọ́, ẹnu a máa parọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ ò mọ irọ́ pa.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó wo nọ́ọ̀sì tuntun rẹ̀ láti kọ́là dé ìṣẹ́tí. "Bọ́ ìyẹn," ló wí.

"Kí ló ṣe é, Màmá?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó dára jù ni. Àwọn tó ń bọ̀ níbí, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti rí ẹni tó mọ́ tóní-tóní báyìí, ó wá lé wọn ni, tàbí ó wá kó wọn. Wọn ò ní dúró gbọ́ orúkọ rẹ." Ó ju aṣọ kan sí i tó ti ṣá débi pé kò sẹ́ni tó lè búra pé àwọ̀ báyìí ni wọ́n rà á.

Báyìí ni funfun di ohun inú báàgì. Nọ́ọ̀sì tuntun, tí wọ́n ti ń pè ní Aránṣọ ní kíníkì kó tó pé ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, kò jẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀. Láràárọ̀ ni ìyá ń bá a tún kọ́là ṣe, tí á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọmọ á fi yà ní kọ̀rọ̀. Ọmọ á dé kíníkì, á bọ́ ọ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, á ká a sínú báàgì. Ọjọ́ Ẹtì ni ìyá máa ń fọ̀ ọ́. Kí irọ́ má baà tú, ọmọ ní láti rí i pé ó dọ̀tí. Á fún un pọ̀, á fi ìṣẹ́tí rẹ̀ nu eruku ojú fèrèsé, á ta omi tíì sí i láyà. Ìyá á gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, á mi orí, á ní, "Iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀ o." Inú rẹ̀ á sì dùn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí obìnrin tó mọ bí a ti ń fi ìdọ̀tí pa funfun dáadáa báyìí, òun náà ló kọ̀ tí kò ṣe é níbi tó ti yẹ kó ṣe é.

Garawa kan wà lábẹ́ káńtà Ìyá Ẹsẹ̀. Omi tíì ló wà nínú rẹ̀, àwọn ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ sì ń rẹ níbẹ̀. Bí wọ́n bá yọ wọ́n, wọ́n á sá wọn gbẹ lẹ́yìnkùlé. Bí Ìyá Ẹsẹ̀ bá fọ ọgbẹ́ tán, tó di báńdéèjì sí i, á mú ọ̀kan nínú àwọn ìbọ̀sẹ̀ náà bò ó mọ́lẹ̀, á fọwọ́ nu ilẹ̀, á sì fi ọwọ́ náà pa á lójú. "Má jẹ́ kí funfun gba ẹnu ọ̀nà yìí jáde." Gbogbo àlàyé tó ṣe nìyẹn. Ohun tí Ìyá Ẹsẹ̀ bá ti ń ṣe bọ̀ láti ọdún mẹ́wàá, kì í tún ṣàlàyé rẹ̀. Aránṣọ ní tirẹ̀ gbà pé ìwà ọ̀bùn ni. Wọ́n kọ́ ọ níléèwé pé ohun tó mọ́ ni wọ́n ń fi bo ohun tó mọ́. Ó rò ó pé ó ti rẹ àgbàlagbà yẹn ni.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tó ti ń ṣiṣẹ́ ni Alága wọlé. Wọ́n ń pe ọkùnrin yìí ní Alága nítorí pé àga ọ́fíìsì kan ni ilé rẹ̀, àga oníkẹ̀kẹ́ tí ẹnìkan ti sọ nù, tó ń kó ẹrù rẹ̀ lé tó sì ń tì káàkiri. Ẹ̀yìn ilé sinimá kan tí wọ́n ti tì pa ló ń gbé e sí. Bí ó bá jókòó lé e, tó gbé apá lé ibi ìgbápálé, o lè rò pé ìpàdé fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọlúwàbí ènìyàn ni. "Ẹ" ló ń bá gbogbo ẹni tó bá pàdé sọ, àti ọlọ́dẹ, àti ológbò tó ń tẹ̀ lé e.

Ìṣó ló yọ láti ìdí bàtà rẹ̀ tó gún un lẹ́sẹ̀ òsì. Kò mọ̀. Ó ti lé ní oṣù kan tó ti ń rìn lórí ìṣó.

Dókítà, tó máa ń wá sí kíníkì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tẹ ẹsẹ̀ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Àrùn ìtọ̀ ṣúgà ló ṣe é," ló wí. "Ó ti pa ẹsẹ̀ náà lára, kò mọ ìrora mọ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo fún un. Òní ọ̀sẹ̀ méjì, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ni mo tún fẹ́ rí i. Ẹ máa fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ méjì-méjì, ẹ má fo ọ̀kan. Bí ẹ bá jẹ́ kó jó rẹ̀yìn, màá gé e láti ọrùn ẹsẹ̀."

"Ẹ má bínú o, Dókítà," Alága wí. "Tí ẹ bá gé e, ta ni yóò máa ti àga?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ ohun tó ń sọ. Ẹni tí wọ́n ń lé láti ibi kan sí òmíràn, ẹsẹ̀ ni ilé rẹ̀. Bí kò bá lè dìde nígbà tí ọlọ́dẹ bá ní kó dìde, àrùn ìtọ̀ ṣúgà kọ́ ni yóò pa á.

Ìyá Ẹsẹ̀ fọ ọgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn àti lọ́jọ́bọ̀. Ó tẹ́ páálí sórí ìṣó, ó fi ìbọ̀sẹ̀ tíì bo gbogbo rẹ̀, Alága ki ẹsẹ̀ bọ bàtà àtijọ́, ó dúpẹ́, ó lọ. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, orúnkún Ìyá Ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó dìde ńlẹ̀, ó wá ku Aránṣọ nìkan.

Kí a má purọ́, iṣẹ́ tó ṣe lọ́jọ́ náà dára. Ó fọ ọgbẹ́ náà fún wákàtí kan gbáko. Ó di báńdéèjì láti ìka ẹsẹ̀ dé ojúgun, ó to ìṣẹ́po rẹ̀ léra wọn bí ó ti máa ń to ìṣẹ́po síkẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀, kò sí èyí tó gùn ju èkejì lọ. Ó sún sẹ́yìn, ó wò ó, inú rẹ̀ dùn. Ìbọ̀sẹ̀ tíì wà lára okùn lẹ́yìnkùlé, ó rí i, ó sì mú ojú kúrò níbẹ̀. Ó lọ sínú àpótí ẹ̀bùn, ó mú bàtà dúdú tuntun kan jáde tó fẹ̀, tó ń dán, ó wọ̀ ọ́ fún bàbá. Bàtà àtijọ́ ni ó fi ìka méjì gbé bí ẹni gbé òkú eku, ó sọ ọ́ sínú àpò ìdọ̀tí tí àwọn onísísun, àwọn tó ń sun ìdọ̀tí, máa ń wá kó lọ́jọ́ Ẹtì.

Alága wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ yìí mọ́ ju èmi tí mo ni ín lọ," ló wí. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Bàtà mi ńkọ́?"

"Ẹ gbàgbé ìyẹn, bàbá. Ṣebí òun ló gún yín lẹ́sẹ̀."

Alága kì í bá ẹni tó bá ṣe é lóore jiyàn. Ó ti àga rẹ̀ jáde. Aránṣọ délé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun di ẹsẹ̀ kan lónìí, ìyàwó ọ̀ṣìngín ò lè rí aṣọ tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lọ́jọ́ Ajé, Alága kò wá. Nígbà tó di ọ̀sán, Ìyá Ẹsẹ̀ yí àga rẹ̀ padà sí Aránṣọ.

"Kí lo fi bo báńdéèjì rẹ̀ ní Sátidé?"

Aránṣọ yíjú sí okùn ẹ̀yìnkùlé.

"Bàtà wo ló wọ̀ lọ?"

"Tuntun ni, Màmá."

Ìyá Ẹsẹ̀ kò pariwo. Ì bá sàn bó bá pariwo. "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà," ló wí, "kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìwọ aránṣọ, àkísà ni mo fẹ́ kọ́ ọ. Ẹni tó bá ń sùn síta, kí ojú má rí i ló fi ń yè. Báńdéèjì funfun nínú òkùnkùn, ìkejì iná ni. Ẹnìkan á ní bàtà rẹ̀ wu òun. Ẹlòmíràn á ní kí ló fi pa mọ́ sínú nǹkan funfun yẹn. Ọlọ́dẹ tó ti ń ṣe bí ẹni tí kò rí i láti ọdún kan, báwo ló ṣe fẹ́ ṣe é mọ́? Wọ́n á ti máa rí i láti ìgboro." Ó na orúnkún rẹ̀. "Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ fún ọ. Mo rò pé o rí i."

Ojú ti Aránṣọ, kì í ṣe díẹ̀. Ó lọ dúró nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbi tó ti máa ń bọ́ funfun rẹ̀, ó rántí omi tíì tó ń ta sí àyà aṣọ lọ́jọ́ Ẹtì, ó sì bú ara rẹ̀ ní èébú tí kò ṣeé kọ sílẹ̀.

Ọjọ́rú, Alága kò wá. Ọjọ́ mẹ́fà péré ló kù nínú ọjọ́ tí dókítà dá. Aránṣọ ti lọ sẹ́yìn ilé sinimá lẹ́ẹ̀mejì, ọlọ́dẹ ibẹ̀ ń sá fún un. Ní ìgbà kẹta, ọlọ́dẹ náà dúró.

"Wọ́n ti bọ́ bàtà yẹn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lóru Àbámẹ́ta, kí ilẹ̀ tó mọ́," ọlọ́dẹ wí, ilẹ̀ ló ń wò. "Wọ́n tú báńdéèjì náà wò títí dé ara ọgbẹ́. Wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀, ni wọ́n bá lù ú. Nígbà tó di àárọ̀, ọ̀gá mi ń kọjá nínú mọ́tò, ó ní ta ni aláìsàn tó wà lẹ́yìn ilé òun. Mo ní láti lé e. Èmi náà ò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, Nọ́ọ̀sì."

"Ibo ló gbà?"

"Ibi tí kẹ̀kẹ́ àga rẹ̀ bá ti lè yí."

Ìyẹn ràn án lọ́wọ́ ju bí ọlọ́dẹ ti rò lọ. Kẹ̀kẹ́ àga kì í yí lórí òkúta wẹ́wẹ́, kì í sì gun òkè. Lọ́jọ́bọ̀, Aránṣọ tọ ojú ọ̀nà tó tẹ́jú láti ẹ̀yìn ilé sinimá lọ síwájú, ó ń wo gbogbo kọ̀rọ̀, títí tó fi dé ilé epo kan tí kò tà mọ́. Ó bá Alága lórí àga rẹ̀ lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, ológbò ń bẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọ̀rá ló wé mọ́ ti òsì. Àtòkèèrè ló ti ń gbóòórùn rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì," Alága wí. Etí rẹ̀ kan wú.

"Ẹ jẹ́ kí n fọ̀ ọ́, bàbá."

"Rárá o."

"Wọ́n máa gé e. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni dókítà dá."

"Mo mọ̀."

"Ẹ má bínú sí mi."

"Mi ò bínú sí yín. Oore lẹ ṣe. Oore yẹn náà ni wọ́n torí ẹ̀ lù mí." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye aago. "Bàtà mi ni mo fẹ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wọ̀ ọ́, kò sí olè tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ lọ gbé bàtà mi wá, èmi náà á gbé ẹsẹ̀ fún yín."

Aránṣọ kò rìn padà, sísá ló sá. Lọ́la ni ọjọ́ Ẹtì, àfẹ̀mọ́júmọ́ ni àwọn onísísun máa ń dé.

Àpò ìdọ̀tí mẹ́rin ló wà lẹ́yìnkùlé kíníkì. Ó wọ ìbọ̀wọ́ méjì léra, ó tú èkíní, ó tú èkejì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bì sínú ẹ̀kẹta kó tó rí bàtà náà nísàlẹ̀ rẹ̀, àtòsì àtọ̀tún. Ayọ̀ tó yọ̀ pọ̀ débi pé ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí pé ìṣó ṣì wà nínú rẹ̀. Bó bá gbé e fún un báyìí, ẹsẹ̀ lọ. Bí kò bá sì gbé e fún un, ẹsẹ̀ náà lọ. Bó bá fọ̀ ọ́, tó kùn ún, kì í tún ṣe bàtà tí olè kì í wò mọ́.

Ó jókòó sẹ́yìn káńtà. Ó fi ẹ̀mú fa ìṣó yọ. Ó bó ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà tó ti gbẹ bí èèpo igi, ó fi sípíríìtì nu inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó la ẹ̀gbẹ́ kan kí báńdéèjì lè ráyè wọlé. Gbogbo ara ìta, kò fi omi kàn án. Ó wá ku ohun tí yóò tẹ́ sí i. Báńdéèjì fẹ́lẹ́ jù, yóò ká jọ. Ìbọ̀sẹ̀ ní ojú ìránpọ̀, ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora kò sì gbọdọ̀ bá ojú ìránpọ̀ pàdé. Aṣọ tó nípọn, tó le ní híhun, tó fẹ̀ láìsí ìránpọ̀ kankan, ló ń wá. Ó wo gbogbo yàrá. Lẹ́yìn náà, ó fa báàgì rẹ̀ sún mọ́ra, ó sì yọ funfun náà.

Ó gbé e lé itan fún ìgbà díẹ̀. Ìlà áyọ́ọ̀nù ìyá rẹ̀ ṣì wà ní apá méjèèjì. Ìyá Ẹsẹ̀, tó ti ń wò ó láti ìgbà tó ti jókòó, na sísọ́ọ̀sì báńdéèjì sí i. Ẹ̀yìn aṣọ ni Aránṣọ gé, nítorí ibẹ̀ ló fẹ̀ jù. Ó sè é nínú ìkòkò tí wọ́n fi ń se irinṣẹ́, títí sitáàṣì fi yọ́ sínú omi, ó sá a gbẹ, ó ṣẹ́ ẹ po lọ́nà mẹ́ta, ó rán an mọ́ inú bàtà òsì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ awọ, ojú abẹ́rẹ́ gbogbo wà ní ìta. Ìrọ̀lẹ́ ti dé kó tó parí ọ̀kan. Tọ̀tún wà bó ṣe wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Alága gba bàtà náà, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó wá ìṣó, kò rí i. Ó yọjú wò ó.

"Funfun tún rèé," ló wí.

"Inú ló wà, bàbá. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n."

Ó ronú sí i. Ó tú ọ̀rá, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé e nítan. Lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ni wọ́n ti ṣe é, lórí àpótí kékeré, pẹ̀lú omi gbígbóná tó gbé wá láti kíníkì. Nígbà tó di báńdéèjì tán, ó fa ìbọ̀sẹ̀ tíì bò ó, ó fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ nu ilẹ̀ ilé epo, ó sì ra á mọ́ ọn lára dáadáa. Ẹni tó wà níbẹ̀ á rò pé ìjà ló ń bá ìbọ̀sẹ̀ náà jà. Ó tún padà wá lọ́jọ́ Àìkú.

Àmọ́ ọjọ́ Ẹtì kan náà, tí ọmọ ti jáde nílé kí ìyá rẹ̀ tó jí, ni ìyá na ọwọ́ pé kó mú funfun wá fún fífọ̀. Ọmọ ní òun gbàgbé rẹ̀ síbi iṣẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ti ń ṣiṣẹ́, kò gbàgbé rẹ̀ rí. Ìyá rẹ̀ da omi ọṣẹ tó ti pò nù. Lọ́jọ́ Àìkú, ó tún béèrè, ó tún gbọ́ èsì kan náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò bá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ tó pé, Alága ti àga rẹ̀ wọ kíníkì fúnra rẹ̀. Dókítà tú ẹsẹ̀ náà, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó pẹ́ lórí rẹ̀ débi pé Ìyá Ẹsẹ̀ fi ọwọ́ di eteetí káńtà mú. Aránṣọ kò lè wò ó. Pẹpẹ ẹrù ló dojú kọ.

"Ìka kékeré ti kú," dókítà wí níkẹyìn. "Ìyẹn gbọ́dọ̀ lọ. Ẹsẹ̀ á dúró."

"Ẹ bá mi kí i," Alága wí. "Ẹ ní ó dìgbóṣe."

Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Aránṣọ nìkan ló ń sunkún, ó sì ń fi apá aṣọ tó ti ṣá nu ojú. Dókítà ní kí wọ́n ṣọ́ ẹsẹ̀ kejì náà, torí pé òun náà kò mọ ìrora mọ́.

Aránṣọ délé, ó bá ìyá rẹ̀ lórí ìjókòó, ọwọ́ lé orúnkún, kò sí aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Níbo ni funfun wà?" ìyá rẹ̀ béèrè.

"Mo gé e, Màmá."

"O gé kí ni?"

Ó jókòó sílẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti aṣọ tó ti ṣá, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ti eruku fèrèsé, ti omi tíì.

"Mo mọ̀ pé tíì ni," ìyá rẹ̀ wí. "Ọdún mélòó ni mo fi fọṣọ? Mo kàn rò pé tíì ni ẹ fi ń jẹun níbẹ̀ ni."

Ọmọ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó sọ ti báńdéèjì, ti bàtà tuntun, ti etí tó wú. Nígbà tó dé ibi sísọ́ọ̀sì, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ tí ọṣẹ ti jẹ èékánná rẹ̀ tán.

"Ogún ọdún," ló wí, kò sì parí rẹ̀.

Ó nu ọwọ́ náà mọ́ ìró rẹ̀, ó wá gbójú sókè.

"Ẹsẹ̀ náà ńkọ́?"

"Ìka kan ló lọ. Ó ń rìn."

"Bàtà mélòó lo ṣe?"

"Ọ̀kan, Màmá. Ti òsì."

"Ẹsẹ̀ mélòó ni ọkùnrin náà ní?"

Ọmọ wo ojú rẹ̀. Ìyá dìde, ó lọ ṣí àpótí, ó kó gbogbo ohun tó wà lókè rẹ̀ sílẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ìsàlẹ̀. Ó gbé funfun kejì jáde bó ṣe ká a sí, kọ́là rẹ̀ ṣì dá dúró. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé e lé ọmọ rẹ̀ nítan.

"Sè é dáadáa kó o tó rán an," ló wí. "Sitáàṣì a máa bó èèyàn lẹ́sẹ̀."